Bàbá mi ló wà nínú fọ́tò yìí: ẹ bá mi mọ irú jẹ́ẹ̀tì wo nìyí

ỌmọAlákíà (Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i. Àpótí kan ló jẹ́ kí n yọjú lónìí. Àpótí páànù aláwọ̀ ewé ni, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà máa ń kó ẹrù sí. Abẹ́ ibùsùn bàbá mi ló wà nílé wa ní Adégbàyí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí Bàbá ti papò dà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màmá ní kí n wá bá òun ṣí i, pé ikán ti ń yọ lára ògiri yàrá yẹn.

Ohun mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Ìkíní ni ìwé kan tí páálí rẹ̀ le bíi pákó. Ibẹ̀ ni Bàbá ń kọ gbogbo ìgbà tó bá fò sí: ọjọ́, irú bàálù, ibi tó ti gbéra, ibi tó balẹ̀, iye wákàtí ọ̀sán, iye wákàtí òru. Ìkejì ni ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo, tọwọ́ òsì. Ìkẹta ni fọ́tò.

Mo ti gbìyànjú láti gbé fọ́tò náà síbí, ó kọ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Bàbá ṣì tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, ó gbé àṣíbòrí há abíyá, ó dúró níwájú jẹ́ẹ̀tì kékeré kan. Àga méjì ló wà nínú jẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ìyẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ débi pé èèyàn lè gbé ẹsẹ̀ lé e. Ní ṣóńṣó ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan wà tó rí roboto gígùn bí ẹ̀pà tí wọn ò tíì pa.

Bàálù akẹ́rù C-130 ni èmi mọ̀ mọ Bàbá. Àmọ́ nígbà tí mo wà ní pírámárì, mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé Jaguar, jẹ́ẹ̀tì ogun, ló ń wà. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ìgbà tí mo wá rí fọ́tò yìí, àyà mi já. Ṣé Jaguar nìyí?

Ọdẹ_Bàálù (Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:31 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí Bàbá. Jaguar kọ́ o.

Ìyẹ́ Jaguar wà lókè, ní èjìká rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ga gogoro bíi ti lékeléke. Ẹni tó bá dúró tì í, abẹ́ ìyẹ́ ló máa wà. Yàtọ̀ síyẹn, 18 ni Nàìjíríà rà, láti 1984 ni wọ́n ti ń dé sí Mákúrdí, 5 péré nínú wọn ló sì ní àga méjì. Alpha Jet náà, èjìká ni ìyẹ́ tiẹ̀ wà, kò sì ní nǹkan kan ní ṣóńṣó ìyẹ́.

Àgbá epo ni ohun tí ẹ rí bí ẹ̀pà yẹn. Jẹ́ẹ̀tì tí ìyẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tó tún gbé àgbá epo sí ṣóńṣó ìyẹ́, méjì péré ni wọ́n nínú àwọn tí a ní láyé ìgbà yẹn. Ọ̀kan ni MB-339 tí àwọn ará Ítálì ṣe, 12 la rà. Èkejì ni L-39 Albatros ti Czechoslovakia, 24 la rà. Ẹ bá mi wo nǹkan méjì. Dígí tó bo àga méjèèjì, ṣé ẹyọ kan gbọọrọ ni, àbí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ ńkọ́, ṣé ìdí ìyẹ́ ló wà, àbí òkè lẹ́yìn àga?

Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ jẹ́ kí inú yín dùn. Bàbá yín wa jẹ́ẹ̀tì gidi! Ẹ má bínú sí mi o, C-130 dára, àmọ́ lọ́rì lásán ni.

Amúgbádùn (Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:40 alẹ́)

Èmi ò mọ ìyẹ́, n ò mọ ihò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ti wà nínú mi láti kékeré, kò sì sí ẹni tí mo lè bi: bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ẹni tó ń wa jẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀kọ́lá (Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:05 alẹ́)

Amúgbádùn, orí ẹ ò pé. Àmọ́ mo lè dá ẹ lóhùn lórí C-130: ìkòkò kan wà lẹ́yìn, wọ́n ta aṣọ sí i níwájú. Bàbá mi sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lò ó nínú ìrìnàjò ló máa fọ̀ ọ́ tí wọ́n bá balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi máa ń mú un mọ́ra títí tí ẹnì kan á fi juwọ́ sílẹ̀.

Ọdẹ_Bàálù, àbúrò mi, ìwọ ni mo fẹ́ bá jà. Bàbá tèmi ò wa bàálù rí. Ẹ́ńjìnnì ló ń tún ṣe. Mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì C-130, ó sì mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ ẹ̀. Tó bá wálé wá kí wa ní Mọ̀kọ́lá, òórùn epo bàálù ló máa kọ́kọ́ wọlé kó tó ki ẹsẹ̀ kan bọ ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi á ti gbé omi gbígbóná sílẹ̀. Àpá iná wà lápá rẹ̀ ọ̀tún láti ọ̀pá èéfín ẹ́ńjìnnì, ó gùn tó ìka mi yìí. Kò sí ẹni tó ya òun ní fọ́tò níwájú bàálù kankan. Páílọ́ọ̀tì ló máa ń ya fọ́tò. Mẹkáníìkì á wà lábẹ́ ìyẹ́, á kàn jẹ́ òjìji.

Lọ́rì lásán tí ò ń wí yẹn, bí kò bá gbé epo àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ dé ibi tí ogun wà, jẹ́ẹ̀tì rẹ á kàn jókòó síbẹ̀ bí adìyẹ tó sàba ni.

Bàbá_Òkè_Àrẹ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:48 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, mo kàn ń sọ ọ́ sí i létí ni. Tí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kí ẹ bá wí.

Bàálù ogun tí ẹ̀yin fẹ́ràn yìí, ìbẹ̀rù rẹ̀ ni èmi kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ ń fi “ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀” ṣe àwàdà, àbí? Ọdún 1967 ni. Mò ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ nígbà náà ní Dùgbẹ̀. Oṣù Ògọ́ọ́sì ni àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya, wọ́n gba Benin, wọ́n sì ń bọ̀ títí wọ́n fi dé Ọ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ̀ sí Ìbàdàn kò jìnnà. Ìyá mi kó aṣọ òkè tó fi ṣe ìyàwó jáde nínú àpótí, ó fi dí fèrèsé, pé bọ́ǹbù ò gbọ́dọ̀ rí iná wa. Bí a bá gbọ́ “hùùù” lókè, abẹ́ tábìlì ni ọ̀gá mi máa kọ́kọ́ wọ̀, àwa ọmọ iṣẹ́ á sì tò tẹ̀lé e. Ó wá hàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ pé bàálù èrò lásán ló ń kọjá.

Láàárín ọdún yẹn kan náà ni ìjọba wa ra MiG-17 lọ́wọ́ Rọ́ṣíà àti L-29 lọ́wọ́ Czechoslovakia, torí pé àwọn ìlú òyìnbó yòókù kọ̀ láti ta jẹ́ẹ̀tì ogun fún wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ wa MiG wọ̀nyẹn, ará Íjíbítì ni wọ́n. Àwọn ọmọ tiwa ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ẹ rántí pé 1964 la ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú sílẹ̀, àwọn ará Jámánì ló sì wá kọ́ wa. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n gbé ìbọn lé lọ́wọ́ ni.

Ẹni tó bá sì sọ pé kékeré ò ní agbára, kó lọ ka ti ọdún 1969. Ará Sweden kan, Carl Gustaf von Rosen, kó bàálù 5 wá fún Biafra, irú bàálù tí èèyàn fi ń ṣeré ní ọjọ́ ìsinmi, ó so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn lábẹ́ ìyẹ́. Ó ba bàálù olówó ńlá jẹ́ nílẹ̀, kí àwọn tó ni wọ́n tó sáré dé ìdí wọn.

ỌmọAlákíà (Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:20 alẹ́)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi lórí ti ọ̀gá yín tó kọ́kọ́ wọ abẹ́ tábìlì.

Ọdẹ_Bàálù, mo ti gbé gíláàsì tí Màmá fi ń ka Kùránì lé fọ́tò náà lórí. Méjì ni dígí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí iwájú ṣí sí ẹ̀gbẹ́ bí ìlẹ̀kùn. Ihò náà wà lókè, ó dàbí etí méjì lẹ́yìn àga ẹ̀yìn. Mo sì tún ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. “Bulldog, Kaduna” ló kún àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́, bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, “L-39, Kano.” Lẹ́yìn náà, láìsí àlàyé kankan, “C-130, Ikeja,” títí dé òpin.

Nípa ọ̀rọ̀ lọ́rì yẹn, má wulẹ̀ tọrọ àforíjì, Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ọdún tí mo wà ní pírámárì kẹrin, wọ́n ní kí àwọn òbí wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn. Irọ́ Jaguar mi ti ràn ká ilé ìwé. N ò sọ fún un nílé. Mo gbàdúrà kó má lè wá. Ó wá. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ gún régé, bàtà rẹ̀ ń dán débi tí o fi lè rí ojú rẹ nínú rẹ̀. Ọmọ kan nawọ́, ó ní: “Sà, èèyàn mélòó ni ẹ ti fi Jaguar yín pa?” Bàbá wojú mi. Ìṣẹ́jú kan péré. Ó ní: “Èmi? Awakọ̀ lọ́rì ni mí. Tèmi kàn ń fò ni.” Kíláàsì tú ká fún ẹ̀rín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà tún bi í pé kí ló wá ń kó. Ó ní: “Mo máa ń kó ìrẹsì lọ. Mo sì máa ń kó àwọn tó yẹ kó jẹ ẹ́ bọ̀ wálé.”

Àwa ọmọdé tún rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tó ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ ìdí. Ọdún 1990 ni ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Làìbéríà, Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n sì ti ń gbéra lọ síbẹ̀. “Ikeja – Freetown – Ikeja” ló kún ìwé Bàbá láti ìgbà yẹn lọ.

Kò bá mi wí nílé. Ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún mi lójú ọ̀nà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ọdẹ_Bàálù (Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:52 alẹ́)

L-39ZA ni, mo fi orí mi búra. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, àwọn tó ti wà á sọ pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, kì í fi ìkanra bá akẹ́kọ̀ọ́ lò. Ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì náà ṣáá. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ti Mọ̀kọ́lá, ẹ̀yin náà, mo dọ̀bálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Kò sí ológun kankan nílé wa. Awakọ̀ mọ́tò akérò ni bàbá mi, láti Ìwó Róòdù sí Ifẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó máa ń jẹ́ kí n bá a lọ nígbà ọlidé, tí a bá sì dé ìtòsí Alákíà, tí bàálù bá ń balẹ̀, ó máa ń dúró. Àwọn èrò á máa bú u. Ó máa ń ní: “Ẹ ṣe sùúrù, ọmọ mi ń wo nǹkan.” Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Mo ń fi páálí bàtà àti agolo mílíìkì ṣe Alpha Jet. Mo mọ̀ ọ́n láti inú ìwé ìròyìn àlòkù tí wọ́n fi ń di àkàrà. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ ojú epo àkàrà ni mo ti kọ́kọ́ ka ìtumọ̀ MiG-21.

Nípa C-130, ẹ wò ó. Ṣọ́jà 92 ló lè jókòó nínú èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ó lè balẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọn ò da ọ̀dà sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ bíi ẹnu ọ̀nì, mọ́tò á sì wọ inú rẹ̀ tààrà. 9 ni Nàìjíríà rà, láti 1975. Èyí tí kò wú mi lórí ni pé kò lè yí po lójú òfuurufú bíi jẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ẹ̀tì! Tó bá yí kíkankíkan, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn kúrò lórí ẹni tó ń wà á lọ sí ẹsẹ̀, ojú á fẹ́ ṣókùnkùn. Ìdí nìyẹn tí ṣòkòtò kan fi wà tí wọ́n ń wọ̀, tó máa ń wú, tó ń fún itan àti ikùn mọ́ra kí ẹ̀jẹ̀ má bàa sá. Bàbá yín ti wọ ṣòkòtò yẹn rí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ rò ó wò.

Lọ́la, mo fẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà Alákíà lọ wo bóyá

Alábòójútó (Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:58 alẹ́)

Mo ti gé ìyókù ọ̀rọ̀ Ọdẹ_Bàálù kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ìrántí àti ìtàn là ń sọ níbí. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ ohun tó rí nínú bárékè tàbí pápákọ̀ lónìí, tàbí ìgbà tí bàálù ológun ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ má sì lọ gbé kámẹ́rà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá mú yín, a ò ní wá gba yín sílẹ̀ o.

Tòkunbọ̀_Manchester (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 6:10 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ láti ibi òtútù. Èmi náà ní àìsàn yìí. Lọ́dọọdún ni mo máa ń lọ sí Duxford, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kó bàálù ogun sí. Ọjọ́ kan ni mo dúró níwájú bàálù ayé ogun Hitler, òyìnbó arúgbó kan bi mí pé kí ló kàn mí nínú rẹ̀. Mo ní 1942 ni wọ́n ti fi Peter Thomas, ọmọ Nàìjíríà tí orúkọ rẹ̀ kan ń jẹ́ Adéníyì, jẹ oyè ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú wọn, àti pé ìjàǹbá bàálù ló pa á ní 1945, kó tó rí òpin ogun náà. Ó ya ẹnu, kò lè pa á dé. Ó ra tíì fún mi.

Alákíà, bèèrè lọ́wọ́ Màmá ìdí tí Bàbá fi kúrò lórí jẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti tọ́ ọ wò kì í sábà fẹ́ fi í sílẹ̀.

Amúgbádùn (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:33 àárọ̀)

Bóyá ó fèèlì ni. Ẹ má yẹ̀yẹ́ mi, mo fèèlì ìdánwò awakọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo mọ bó ṣe ń rí.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀kọ́lá (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8:02 àárọ̀)

Kì í ṣe ẹni tó bá fèèlì ni wọ́n ń gbé sórí C-130. Bàbá mi máa ń pín wọn sí méjì. Ó ní páílọ́ọ̀tì jẹ́ẹ̀tì dà bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ara rẹ̀ nìkan ló ń rù. Ti C-130 ní ìdílé lẹ́yìn, kò lè sọ pé òun fẹ́ ṣe gìràgìrà. Wọ́n jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́ ni, ẹni tó ń wà á, ẹni tó jókòó tì í, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń mójú tó ẹrù. Ó fẹ́ràn àwọn tó máa ń sọ̀kalẹ̀ wá kí òun kí wọ́n tó gbéra. Àwọn kan wà tí kì í kí mẹkáníìkì. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn títí tó fi kú.

ỌmọAlákíà, mo ní ìbéèrè kan, tí kò bá yẹ kí o dáhùn, má dáhùn. 1992 ńkọ́?

ỌmọAlákíà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 11:47 òwúrọ̀)

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè. Mo ti kọ ọ́ pa rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kéré: ọjọ́ 26, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1992, C-130 kan gbéra ní Èkó, kò pẹ́ rárá tó fi já sínú irà ní Èjìgbò. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 150. Ọ̀gá ológun tó ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Jàjí ló pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí ẹni tó yè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ìmọ́tótó ni. A ti gbálẹ̀ àdúgbò láàárọ̀, mo rántí pé mo ṣì ń rùn gọ́tà. Alẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà dé Adégbàyí, ẹnì kan gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan: bàálù ṣọ́jà ti já l'Ékòó, C-130 ni. Kò sí fóònù nílé wa. Bàbá wà l'Ékòó.

Màmá kò sunkún. Ó kírun Ìṣáà, kò sì dìde lórí ẹní títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú ó lọ sí gáréèjì Ìwó Róòdù láti wọkọ̀ lọ s'Ékòó, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó tún sọ̀kalẹ̀, ó padà wálé. Ó ní tí òun bá dé bárékè, wọ́n á sọ fún òun. Tí òun bá jókòó sílé, wọn ò tíì sọ. Ọjọ́ Ajé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Gbági. Ó ta aṣọ! Ìyá àgbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ń wọn ànkárá, kò sì mọ iye ọ̀pá tó ti wọ̀n, ẹni tó ń rà á ló ń kà á fún un.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni Peugeot 504 Bàbá dúró níwájú ilé. Àwa ọmọ sáré jáde. Ó pa ẹ́ńjìnnì, kò sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìdarí, ojú rẹ̀ ń wo ògiri. A fi ọwọ́ gbá dígí, a ń pè é, ó gbọ́, ó ń mi orí pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, àmọ́ kò ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ará àdúgbò ti ń hó, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹnì kan sáré lọ pe Màmá ní Gbági. Ìgbà tó dé, ó sọ fún gbogbo èèyàn kí wọ́n lọ, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó jókòó tì í nínú ọkọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ títí tí àwọn tó ń pe Mọ̀gáríbì fi pe é.

Kò jẹun. Ní òru, mo jí láti tọ̀, mo rí iná ní pálọ̀. Bàbá wà nílẹ̀, ó kó bàtà ilé ìwé àwa márààrún jọ, ó ń fi pólíṣì kùn wọ́n, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nù wọ́n, ó ń mú wọn súnmọ́ gílóòbù wò. Ó ti parí gbogbo wọn rí, mo rí i pé wọ́n ti ń dán, ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí èyí àkọ́kọ́. Mo padà lọ sùn láì tọ̀.

Kò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn títí ó fi lọ. Nínú ìwé rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ojú ìwé méjì wà tí kò sí nǹkan kan. Ó fi rúlà fa ìlà láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀, lórí méjèèjì. Lẹ́yìn wọn, “C-130, Ikeja – Ikeja,” ìṣẹ́jú 40. Ó gbéra, ó yí po, ó balẹ̀. Ó sì ń bá a lọ látibẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀kọ́lá (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 12:15 ọ̀sán)

Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Bàbá tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í mu sìgá lọ́dún yẹn. N ò tíì so ó pọ̀ mọ́ra rí títí di ìsinsìnyí.

Bàbá_Òkè_Àrẹ̀ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 1:30 ọ̀sán)

Kú ọ̀rọ̀, ọmọ mi. Tí ara bá gbà ọ́, gbé ìwé yẹn wá kí n fojú kan án. Ilé mi ò jìnnà sí ilé ìṣọ́ gogoro Òkè-Àrẹ̀. Ojú mi ò ríran kàwé mọ́, ìwọ ni wàá kà á fún mi. Mo fẹ́ gbọ́ orúkọ àwọn ìlú náà lẹ́sẹẹsẹ.

Ọdẹ_Bàálù (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 2:09 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, n ò ní pe C-130 ní lọ́rì mọ́. Àbí kí n máa pè é bẹ́ẹ̀, torí Bàbá ló pè é bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ fún mi.

ỌmọAlákíà (Ọjọ́ Àìkú, aago 7:50 alẹ́)

Máa pè é bẹ́ẹ̀.

Bàbá Òkè-Àrẹ̀, màá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí. Ẹ jẹ́ kí n mú kílíṣí wá, torí ìyẹn ni Bàbá máa ń mú bọ̀ láti Kánò.

Mo ti bèèrè lọ́wọ́ Màmá. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo fi fọ́tò hàn án, mo ní kí ló dé tí Bàbá fi kúrò lórí jẹ́ẹ̀tì. Kò tiẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní: “Èmi ni mo ní kó kúrò.”

Ó ní ìgbà tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa jẹ́ẹ̀tì, ó mú fọ́tò yìí kan náà wá sílé láti fi ṣe fọ́ńté. Ó ń ṣàlàyé jẹ́ẹ̀tì fún un, pé àga inú rẹ̀ kì í ṣe àga lásán, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èèyàn á fa ohun kan, àga náà á ta á síta pẹ̀lú iná, pàrásúùtì á sì ṣí. Ó rò pé ọkàn òun á balẹ̀ tí òun bá gbọ́. Màmá ní òun wò ó títí. Òun ní: “Ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe àga tó ń ta èèyàn síta sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ọkọ̀ yẹn ti mọ̀ pé òun máa já. Mi ò fẹ́ ẹ. Lọ wá èyí tí kò ní irú àga bẹ́ẹ̀.” Bàbá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó padà wá, ó ní wọ́n ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òun, òun ti kúrò, òun ti wà lórí èyí tí kò ní in.

Mo ní: “Màmá, C-130.”

Ó ní: “Mo mọ̀.”

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó ṣe díẹ̀, ó bi mí pé ta ló fẹ́ mọ̀. Mo ní àwọn èèyàn kan ni, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ṣé wọ́n ti jẹun.

Amúgbádùn (Ọjọ́ Àìkú, aago 7:58 alẹ́)

Ẹ bá wa dá Màmá lóhùn pé a ò tíì jẹun o.